Pọ́lọ́ńbà Tó Tún Géèjì Epo Ṣe

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ di arúgbó, ọjọ́ tí mo gbé ìyá ìyàwó mi láti Ifọ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Ìbàfò ni mò ń gbé, iṣẹ́ pọ́lọ́ńbà ni mò ń ṣe. Géèjì epo ọkọ̀ mi kì í dúró sójú kan. Tí mo bá kó sí kòtò, yóò wálẹ̀. Tí mo bá lu dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò tún dìde. Mẹkáníìkì mi ní bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táǹkì ló bàjẹ́, kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Bọ́ọ̀lù inú táǹkì? Èmi tí mo ti tún ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe káàkiri Ìbàfò àti Mowe?

Mo ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, mo yọ bọ́ọ̀lù náà, mo tẹ irin apá rẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe máa ń tẹ ti táǹkì omi. Mo dá a padà. Géèjì fò sókè, ó dúró gbọin sí fúùlù. Ìyàwó mi ní kí n ṣì fi han mẹkáníìkì, mo ní kí ni ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹ́ kọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ gbé màmá ìyàwó mi ní Ifọ̀. Àwọ̀ funfun ti bo ojú ọ̀tún wọn, tòsì náà ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà ojú ń wá sí ilé ìwòsàn tí à ń lọ ní Mowe, tó bá sì di aago méjìlá, ó ti lọ nìyẹn. A ò tíì rìn jìnnà tí màmá béèrè pé ṣé epo wà. Mo ní ó kún dẹ́nu. Wọ́n tún béèrè lẹ́yìn Papalanto. Mo tiẹ̀ na ìka sí géèjì, mo gbàgbé pé ojú ló ń gbé wọn lọ sọ́sípítù.

Lẹ́yìn Ọ̀fàdà, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Géèjì ṣì wà ní fúùlù, nítorí náà mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo nu plọ́ọ̀gì, mo mi bátìrì, mo fi ẹnu fẹ́ páìpù kan tí n ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú sì ta sí mi lójú. Aago mọ́kànlá kọjá. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí tí a bá tún dúró di oṣù tó ń bọ̀, ojú òsì náà lè lọ.

Màmá yọrí síta. "Bàbá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ kan táǹkì yẹn."

Mo dojú bolẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ tí mo fi wá kí àna. Mo kàn án. Ó dún bí agolo òfìfo.

"Ó ti gbẹ," ni màmá wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta kẹrosíìnì. Mo ti ń gbọ́ ìró òfìfo rẹ̀ bọ̀ láti Papalanto."

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún mi.

"Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ó kún. Àna mi lẹ jẹ́, n ò lè ní irọ́ lẹ pa. Ṣùgbọ́n ojú ló ń dùn mí, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

Mo pa ọkọ̀ tì, mo dá ọ̀kadà dúró, mo gbá màmá mú láti ẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì rò pé èmi ni mo ní jàǹbá. Dókítà ti ń kó báàgì. Ó wo màmá, ó wo èmi, ó sì gbé báàgì sílẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ fún àna rẹ̀ pé òun ò mọ̀. Ìbọ̀wọ̀ tí a ń bá ara wa ṣe lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó gba ojú lọ́wọ́ màmá.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, màmá tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ̀yin nìyí? Mo rò pé ẹ dàgbà jù báyìí lọ."

Ẹ̀rín pa mí. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.