Fóòtì Kì Í Ṣe Òkìrìkà

Ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ijapo, l'Ákùúrẹ́, Kìtán oníṣẹ́ iná dúró láàárín ọ́fìn kékeré kan àti jẹnẹrétọ̀ arúgbó. Agnes, ìyá tó ti ń ta òkìrìkà láti ogún ọdún sẹ́yìn, gbé páànù kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò dání bí ẹni gbé ìkókó.

"Enjiníà, tan án. Màmá mi pé ọgọ́rin ọdún lónìí. Aago mẹ́rin la máa gé kéèkì yìí l'Óǹdó. Aago kan ààbọ̀ ti lù."

"Mọ́mì, a kì í kàn tan nǹkan." Kìtán yọ bírò létí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ èyí. "Ẹ wo ara ọ́fìn: fóòtì igba ó lé ogún, áńpù mẹ́rin. Fóòtì ló ń ti iná, áńpù ni iye iná tó ń ṣàn. Ẹ sọ igba ó lé ogún di ìlọ́po mẹ́rin: wáàtì ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́rin. Jẹnẹrétọ̀ yín ò lè gbé ju ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta lọ. Á jó!"

Agnes wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́rin kẹ̀? Ṣé torí pé mo wọ góòlù ni?"

"Ìṣirò ni, Mọ́mì."

"Fóòtì yẹn ti wọ́n jù. Gba àádọ́jọ."

"A kì í ná fóòtì!"

"Ọgọ́jọ."

"Mọ́mì!"

"Ọgọ́jọ ó lé márùn-ún, kí áńpù jẹ́ mẹ́ta. Mi ò lè kọjá ibẹ̀." Ó yíjú padà, ó ń rọra lọ bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun.

Kìtán ò fẹ́ pè é. Ẹnu rẹ̀ pè é.

"Ẹ padà wá! Ẹ pín igba ó lé ogún sí ọ̀nà mẹ́rin: márùndínlọ́gọ́ta. Agídí tí ọ́fìn fi ń dènà iná nìyẹn. Bí ẹ ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yẹ̀."

"Pín tèmi náà sí mẹ́ta."

Kìtán fi ìbínú kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Bírò dúró.

"Èló ló jẹ́?"

"Márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ kàn ṣe kòńgẹ́ ni! Jẹnẹrétọ̀ wo ló máa gba iye yẹn?"

"Bi í léèrè."

Kìtán fa okùn. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dìde. Kìtán ki míta tó ń wọn fóòtì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Míta kọ ọ́: 165.

"Ó... ogbó ti dé sí i," ni Kìtán wí. "Ìlọ́po mẹ́ta jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín márùn-ún. Á gbé e."

"Ó ti gbà tipẹ́. Ìwọ lo ń ṣe agídí."

Páànù wọlé, ọ́fìn pọ́n. Ọkàn Kìtán balẹ̀ díẹ̀ pé ó ṣì ku ohun tí òun mọ̀.

"Ṣùgbọ́n agbára ti dín, Mọ́mì. Kéèkì wákàtí kan á lo méjì. Ẹ sọ fún wọn l'Óǹdó pé ó di aago márùn-ún."

Agnes pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta. "Màmá, enjiníà ní aago márùn-ún o."

"Márùn-ún kẹ̀?" ni ohùn ọgọ́rin ọdún náà. "Ó ti pọ̀ jù. Mẹ́rin ààbọ̀!"

Kìtán tún ṣí àtẹ́lẹwọ́. Aago kan ààbọ̀, wákàtí méjì nínú ọ́fìn, wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́rin ààbọ̀ náà ni, ó sì dá bírò padà sétí.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo tà á."