Owó Ìlú Tí Ìlú Ń Yá

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, eyín ló ń dùn ún.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló pe máníjà báǹkì lẹ́jọ́. Ààrò rẹ̀ ti wó. Bí kò bá rówó tún un mọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò gba ibòmíràn lọ. Kò fẹ́ sunkún níwájú àwọn ìjòyè, ló bá fún ìborùn rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ rẹ ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, mo ní kó yá mi lówó, ó ní n kò lówó. Bí mo bá lówó, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀?"

Máníjà tún táì rẹ̀ ṣe. "Kì í ṣe èmi, Kábíyèsí, òfin ni. Ẹni tó bá lówó la máa ń yá lówó. Ẹni tí ò ní, kí ló fẹ́ fi san án?"

"Owó ta lẹ fi ń yáni?"

"Ti ìlú ló pọ̀ jù. Owó orí, owó ìsọ̀."

"Owó ìsọ̀ tèmi náà wà níbẹ̀," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

Wọ́n pe akápò ìlú. Ó jẹ́rìí pé owó ìlú wà ní báǹkì, mìmì kan kò mì ín.

"Nígbà tí afárá ìlú wó ńkọ́?"

"A lọ yáwó ní báǹkì."

"Owó ta ni?"

Akápò wolẹ̀. "Tiwa náà ni. A ṣì ń san èlé ẹ̀."

Ìjòyè kan ní, "Kí ló dé tí ìlú ò ní báǹkì tiẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ará ìlú wa ò ṣeé fọkàn tán," ni akápò dáhùn.

"Ta ló ń kawó ní báǹkì yẹn?"

"Àwọn ọmọ wa ni."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Àbúrò mi ni."

"Ta wá ló ni ín?"

Máníjà ló dáhùn. "Òkè òkun ni ọ̀gá wa wà. Kò dé ìlú yìí rí. Ṣùgbọ́n ó fọkàn tán yín gan-an."

Kábíyèsí dájọ́.

"Ẹ kó owó ìlú kúrò níbẹ̀ lónìí. Yàrá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn yìí ni báǹkì ìlú. Ìyá yìí ni yóò kọ́kọ́ yáwó ńbẹ̀, fún ààrò rẹ̀. Ní ti máníjà, owó oṣù rẹ̀ yóò máa wà lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bébi bá ń pa á, kó lọ yá a lọ́wọ́ ìyá, kó sì san èlé."

"Kábíyèsí, owó mi ni."

"A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí èlé ẹ̀ ò fi ní pọ̀."