Àwọn Òǹkàwé Mi Gbé Àga Wá

Mo lè gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, ṣùgbọ́n àárọ̀ Sátidé tí àwọn òǹkàwé mi gbé àga rọ́bà wá sí ojúlé mi ní Bódìjà kò sí lára wọn. Wọ́n to àga náà sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn wá ṣe ìpàdé ìkànnì. Ìkànnì orí ayélujára ni o, ohun tí mo dá sílẹ̀ kí èèyàn lè máa kà á lórí fóònù, lórí ibùsùn rẹ̀, láìrí ẹnikẹ́ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn mi, búrọ́ṣì ìfọyín wà lẹ́nu mi. Obìnrin kan tí mi ò rí rí wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe onílé."

Èmi ni onílé. Èmi náà ni mo ni ìkànnì.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde iléèwé. Mo ti kọ̀ròyìn nípa ọjà tó jóná, nípa ìjà àwọn awakọ̀, nípa ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé, ọ̀gá mi àtijọ́ kan tó ti bá àwọn olóṣèlú lọ ní kí n wá bá òun ní Àbújá, kí n wá máa kọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Mi ò fẹ́ lọ. Ìbàdàn ti mọ́ mi lára jù.

Mo wá ronú sí àwa ọmọ Òkè-Ògùn tí a kún ìgboro Ìbàdàn. Oníṣòwò wà nínú wa ní Dùgbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà, tíṣà wà, awakọ̀ wà. Gbogbo wa la fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílé: ọ̀nà wo ló bàjẹ́, iléèwé wo ni ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ fi joyè. Mo ní màá máa wá ìròyìn náà kiri, màá máa gbé e sórí ìkànnì, ẹni tó bá fẹ́ kà á á máa san owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i.

"Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò títí tí òjò ọdún yìí á fi dá," ó ní. "Tí kò bá dúró, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ sí Àbújá, ká mọ̀ pé a ṣe é, kò ṣeé ṣe."

Ṣadé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló bá mi kọ́ ìkànnì náà. Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn ọmọ yunifásítì, ariwo ẹ̀rọ ò sì jẹ́ ká gbọ́ra wa dáadáa.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ ká tì pa?" ó bi mí.

"Ká tì pa bíi báwo?"

"Kí ni ẹni tí kò sanwó ò ní rí?"

Mo ní àwọn ìròyìn tó dáa jù ni ká tì pa. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Tí wọn ò bá wá mọ̀ pé ó dáa, kí ló fẹ́ mú wọn sanwó?"

Mo dá a lóhùn pé orúkọ mi tó wọn. Ó ní, "Kò burú, sà," ó sì yáa kojú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra nọ́ńbà fóònù mìíràn fún àwọn tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Mo kọ̀. Mo ní oníròyìn kì í sá fún aráàlú. Nọ́ńbà tèmi gan-an ni mo ní kó kọ sísàlẹ̀, mo sì fún un ní fọ́tò mi kí ó gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́. Fọ́tò ìgbà tí mo ṣì nírun lórí ni. Ìdí nìyẹn tí obìnrin ọjọ́ Sátidé fi ní kí n bá wọn pe onílé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sanwó ni Alhaja Kúdí, tó ń ta ọ̀dà ìkunlé ní Challenge. Mo ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ tí fóònù mi fi dún.

"Oníròyìn, mo ti sanwó o."

"Ẹ ṣeun, Alhaja. Ẹ máa kà á o."

"Mo ti kà á. Kí ló kàn?"

"Òmíràn ń bọ̀ lọ́la, mà."

"Kì í ṣe ìròyìn ni mò ń bèèrè. Àwọn wo la jọ wà níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn nìkan ni. Wọ́n ní, "Ìyẹn ò dáa. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá èèyàn."

Wọ́n sì wá èèyàn lóòótọ́. Oníbàárà wọn, aládùúgbò wọn, ọ̀rẹ́ àbúrò wọn, gbogbo wọn ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Díákónì náà wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn wà ní Ring Road. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò pè mí lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó pè mí tó mẹ́nu ba ìròyìn. Gbogbo wọn ń bèèrè ìgbà tí a máa ríra.

"Bàbá, orí fóònù la ti ń ríra," mo sọ fún Bàbá Díákónì.

"Mo gbọ́," wọ́n ní. "Ìgbà wo la wá máa ríra?"

Mo lọ fẹjọ́ sun Ṣadé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká ṣí yàrá kan fún wọn lórí ìkànnì náà, níbi tí wọ́n á ti máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí fóònù tèmi lè sinmi. A ṣí i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé ìròyìn afárá jáde. Iṣẹ́ ńlá ni. Afárá kan lójú ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Ògùn ti ń jìn lọ lábẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Mo wọ odò dé ìbàdí kí n tó ya àwòrán ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bá apẹja sọ̀rọ̀, mo bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbé e sí ìkànnì, mo jókòó, mo ń retí kí àwọn èèyàn mi fara ya.

Èsì kan ṣoṣo ló wọlé. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá Ràfíù nìyẹn?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bá ìyá Ràfíù sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ti rí i pé òun àti ẹ̀gbọ́n Alhaja jọ wà ní kíláàsì kan náà. Kò sí ẹni tó rántí afárá mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ kú àárọ̀ ló gba gbogbo yàrá náà, àdúrà tẹ̀ lé e, àmín tẹ̀ lé àdúrà, tàwọn onígbàgbọ́ àti tàwọn mùsùlùmí. Inú bí mi. Mo ní wọ́n ń fi iṣẹ́ mi ṣeré. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti wo inú yàrá yẹn mọ́. Oníròyìn ni mí, etí ni mo fi ń jẹun, mo wá fi ọwọ́ ara mi dí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Díákónì pè mí. Ohùn wọn tutù.

"Oníròyìn, bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìyàwó mi wà nílé ìwòsàn ní Jẹ́ríkò láti ọjọ́ yìí wá. O ò yọjú."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò gbọ́ ni."

"O ò gbọ́. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń ta ìròyìn fún wa?"

Wọ́n pa fóònù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn mìíràn ti ń sọ pé kí n yọ orúkọ àwọn náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa lóṣooṣù kò mọ aláìsàn wa. Òjò ti ń dín kù nígbà yẹn. Àbújá ń súnmọ́ mi.

Mo gbé ẹjọ́ mi lọ síwájú Ìyá Bọ́lá, tó ń ká aṣọ lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, ẹni tó bá ra ìwé ìròyìn, ṣé olóòtú máa ń lọ kí i nílé ìwòsàn ni?"

Kò gbójú sókè. "Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí, ṣebí ó ti kógbá sílé?"

Mo lọ wá bàtà mi.

Mo ra ọsàn, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo dé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní Jẹ́ríkò. Mo rí màmá àgbà kan lórí ibùsùn tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀, mo ṣàdúrà tó gùn. Màmá ń ṣe àmín. Mo gbé èso náà lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lápá fèrèsé.

"Oníròyìn, ọ̀dọ̀ wa rèé."

Bàbá Díákónì ni. Mo bojú wẹ̀yìn wo màmá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, ọmọ mi," wọ́n ní. "Mo ti ṣe àmín sí i."

Ọwọ́ òfo ni mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo wá kí. Alhaja Kúdí wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tí orúkọ wọn nìkan ni mo mọ̀ lórí ìkànnì wà níbẹ̀. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dàgbà nínú agboolé kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ẹnì kan ń gbé ẹ̀kọ wá láàárọ̀, ẹlòmíràn ń jókòó ti Màmá lọ́sàn-án kí Bàbá lè lọ sinmi. Inú yàrá tí mo kọ̀ láti wò ni wọ́n ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Èmi tí mò ń ta ìròyìn, èmi ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ìyàwó Bàbá nìkan ló ṣàánú mi. "Ẹ jẹ́ kó jókòó," wọ́n ní. "Ó mà dàgbà ju fọ́tò ẹ̀ lọ o."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Alhaja sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "A máa wá sílé yín ní Sátidé. Ẹ má wulẹ̀ dáná."

Àlejò tó bá ti sọ pé òun ò ní jẹun nílé rẹ, ìjà ló ń gbé bọ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá yọ orúkọ wọn lójú mi. Mo fi ọjọ́ tó kù múra àwíjàre. Alhaja ò dá àkókò, mo rò pé ó máa di ọ̀sán. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe bá mi.

Mo sáré wọ kaftáàní, mo jáde sí wọn, mo gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ìkànnì..."

"Ẹ jókòó, Oníròyìn," Alhaja dá mi lóhùn. "Àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Díákónì gbàdúrà, ọkùnrin kan sì ka Fátíà. Wọ́n ṣí kúlà, mọ́ínmọ́ín àti wàrà ló wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní kí n má dáná nìyẹn. Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn jókòó sórí àga onítìmùtìmù tí wọ́n gbé jáde láti pálọ̀ mi láìbi mí. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bọ́lá jáde, ó ti wọṣọ, ó ti wé gèlè, ó jókòó láàárín wọn. Òun náà ti ń sanwó sí ìkànnì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun nìkan ni kò pè mí lórí fóònù.

"O ò sì sọ fún mi," mo ní.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fún mi ni? Ibẹ̀ ni mo ti ń kà á."

Alhaja ní ká yan olóyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé wọn ò wá lọ, wọ́n wá jókòó pẹ́ ni. Ara mi yá. Mo ní èmi ni màá ṣe alága, èmi tí mo ni nǹkan. Wọ́n ní Alhaja náà ń dù ú. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ mi nawọ́, ọwọ́ tèmi ló gòkè, pẹ̀lú ti ọkùnrin kan tó ń bèèrè omi. Mo wo Ìyá Bọ́lá. Ó ń wo ewé máńgòrò.

Bàbá Díákónì dìde. "Ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn wà nílé ìwòsàn kò lè ṣe alága," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ ìwé kọ." Báyìí ni Alhaja ṣe di alága, tí wọ́n fi mí ṣe alukoro. Wọ́n fi ìyàwó mi ṣe akápò.

Mo rọra bi Bàbá bóyá kí n ṣì yọ orúkọ wọn.

"Orúkọ ta ni? Wọ́n mà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olùdámọ̀ràn ni."

Kí wọ́n tó túká, Alhaja ní kí n ka ìròyìn afárá náà sókè. Mo kà á. Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, wọ́n fara ya bí mo ṣe ń retí níjọ́sí. Awakọ̀ kan nínú wọn sọkún.

Òjò dá, ìkànnì ò dá. Ọ̀gá mi àtijọ́ pè mí láti Àbújá, mo ní mo ní ìpàdé. Mo ti rò pé àwọn èèyàn á sanwó kí wọ́n lè mọ ohun tí mo mọ̀. Ara wọn ni wọ́n sanwó láti rí, ìròyìn tèmi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ kú àárọ̀. Ṣadé ti gbé yàrá náà wá sójú ìwé àkọ́kọ́, ó sì ti pààrọ̀ fọ́tò mi. Bí mo bá rántí bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì máa ń dùn mí díẹ̀.

Ní báyìí, alága ti kéde pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Challenge ni ìpàdé tó ń bọ̀ máa wáyé, níbi tí wọ́n á ti yan àwọn tó máa gbé ọ̀rọ̀ afárá lọ bá ìjọba. Ẹni tó bá pẹ́ á san ìtanràn. Wọ́n ní kí alukoro gbé e síbi tí a kò tì pa, kí gbogbo ayé lè rí i. Wọ́n ní gbogbo olóyè pátá ló gbọ́dọ̀ máa san owó oṣooṣù, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo bèèrè bóyá ó kan ẹni tó ni ìkànnì. Akápò ní ó kàn án. Mo ti san ti oṣù yìí.