Ọjọ́ Tí Mo Fún Kòròfo Ọta Lọ́rùn

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bó ti wù kí n fẹ́ ẹ tó. Nígbà yẹn, iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin débi pé wọn kì í bi èèyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti purọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé iṣẹ́ irin ni mo ṣe l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni mí. Bọ̀dá Mùfú tó ń gbé ní Hartstown gbà mí gbọ́, ló bá dúró fún mi lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń tún ìbọn àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn díje ṣe.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kí a tó lọ kírun, ọ̀gá kó ogún kòròfo ọta, idẹ tí wọ́n máa ń rọ ẹ̀tù sí, fún mi. Oníbàárà kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n fún ìbọn tirẹ̀. Irú wọn ò sí lọ́jà, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí ìdíje rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí n kàn fi daì, irin oníhò tí wọ́n ń ti kòròfo bọ̀, fún ọrùn wọn padà sí ìwọ̀n ni. Òrùka kékeré kan tí wọ́n ń pè ní búṣìn ló wà nínú daì náà, òun ló ń pinnu bí ọrùn ṣe máa fún tó.

"You know this yoke?" Ọ̀gá ló bi mí; "yoke" ni wọ́n ń pe nǹkan lọ́hùn-ún.

"Very well, sir." Ẹnu mi yìí!

Búṣìn pọ̀ nínú páálí. Mo mú èyí tó kéré jù, mo ní iṣẹ́ tó bá dì pinpin niṣẹ́ gidi. Mi ò fi gírísì sí i, kí ọwọ́ mi má bàa dọ̀tí. Ọrùn kòròfo àkọ́kọ́ hunjọ bí awọ arúgbó. Mo ní bóyá òun ló burú. Mo ba mẹ́rìndínlógún jẹ́ kí ìkẹtàdínlógún tó há. Ni mo bá gbé òòlù tì í. Kòròfo náà fò jáde, ó já sínú tíì ọ̀gá.

"Who did this?"

Bọ̀dá Mùfú wo ojú mi, èmi ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Me, boss. I showed him wrong." Ọ̀gá lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó ní kó lọ máa gbálẹ̀. Mo tilẹ̀ mí kanlẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mi ò ṣe iṣẹ́ irin rí."

"Mo ti mọ̀ látìgbà tó o ti di òòlù mú. Mo rò pé wàá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni."

Kò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló pa mí.

Ní Mọ́ńdè, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. "Grand. He takes the machine, you take the brush." Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀. Oníbàárà náà ò lè lọ díje lọ́dún yẹn. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i.

Látìgbà náà, ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún jù, pàápàá tí abọ́ bá kún síǹkì. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín tèmi kì í pẹ́: Bọ̀dá Mùfú gbálẹ̀ nítorí irọ́ mi, mo sì dúró, mò ń wò ó.