Ohùn Omi Àlájà Tàíbátù

Iléèwé kan fẹ́ máa ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ Àlájà Tàíbátù ará Kotobabi fún àwọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí wá. Ìyẹn ló gbé e dé iwájú Bàdírù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Madina. Bàdírù wo bébà èsì àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yínmú.

"Màámi, omi yín ò mọ́. Ohùn rẹ̀ tètè kú."

"Ohun wo ló kú sínú omi mi?"

"Ohùn! Mi ò pe ohun."

"Ohun tí kì í ṣe ohun, kí wá ni nǹkan ọ̀hún?"

Bàdírù mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ewúrẹ́ ní á-bí-dí. "Ẹ gbọ́. Mo gbé omi yín sínú òòfà…"

"Ọfà! Kí ni omi ṣe tí o fi ta á lọ́fà?"

"Òòfà, èyí tó ń fa irin! Mo wá jí omi yín…"

"Ó ta á lọ́fà tán, ó tún jí i!"

"Mo jí i lójú oorun, Màámi! Ó dáhùn. Mo dákẹ́, mo tún pè é, ó tún dáhùn, títí ohùn rẹ̀ fi kú. Ohùn omi tó mọ́ máa ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Tiyín ò lo ìdajì ẹyọ kan. Irin tó dípẹtà ló wà nínú rẹ̀."

Àlájà àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ló jọ gbẹ́ kànga tí omi yẹn ti wá, kò sì tíì sí ẹni tó mu ún tó ní inú run òun. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìgò kan lórí tábìlì.

"Omi wo nìyẹn?"

"Èyí tí a sè, tí a sọ ooru rẹ̀ padà di omi. Kò sí omi tó mọ́ tó o ní gbogbo Accra."

"Gbé òun náà sínú ọfà rẹ."

"Màámi, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe…"

"Mo ní gbé e sí i!"

Ó gbé e sí i. Ẹ̀rọ kùn. Bàdírù wo nọ́ńbà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wò. Kò lo ìdajì.

"Ei! Tìrẹ náà ti dípẹtà?"

"Ó… ó lè jẹ́ òòfà yẹn. Ó ti gbó. Agbára rẹ̀ lápá kan ju ti apá kejì lọ."

"Ṣé omi ń dúró lójú kan nínú rẹ̀?"

"Ìgò ló ń dúró. Omi kì í dúró. Gbogbo ẹyọ rẹ̀ tíntìntín ló ń rìn káàkiri."

"Èyí tó bá wá rìn kúrò níbi tí agbára kéré lọ síbi tó pọ̀ ńkọ́?"

"Ohùn rẹ̀ ò ní bá ti àwọn yòókù mu mọ́. Àpapọ̀ ohùn wọn á rọlẹ̀."

"Báwo lo ṣe ń dákẹ́ pẹ́ tó kí o tó tún pè wọ́n?"

Ohùn Bàdírù fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. "Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Kí ẹ̀rọ má baà gbóná."

Àlájà pòṣé. "O fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n fi rìn dé Lapaz, o wá ní wọ́n kú! Máa pè wọ́n léraléra kí wọ́n tó jìnnà, jàre!"

Bàdírù pè wọ́n léraléra, òógùn bò ó. Omi ìgò dún kọjá ìṣẹ́jú àáyá méjì. Omi Àlájà náà dún, díẹ̀ ló kù kó bá a dọ́gba. Bàdírù fa bébà àkọ́kọ́ ya, ó kọ òmíràn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé lórí nǹkan yìí."

Àlájà ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó tì í bọ àpò. "Mo gbà pé ọ̀mọ̀wé ni ẹ́. Ọ̀mọ̀wẹ̀ ni o kì í ṣe: omi inú ìgò lásán ló ń gbé ẹ lọ."