Ọ̀rá Ojú Omi Abọ́lá

Lẹ́yìnkùlé ilé kan ní Ajangbadi. Abọ́lá, ayálégbé tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, sáré ti Iyana-Iba dé, ó bá Màmá Àwẹ̀ró onílé tó ń fi ìka po omi inú báàfù ńlá kan.

“Màmá! Ta ló fọwọ́ kan omi mi?”

“Èmi ni. Ó dọ̀tí, mo bá kán ọṣẹ sí i.”

Abọ́lá káwọ́ lérí.

“Yéè! Ẹ ti ṣe mí lọ́ṣẹ́!”

“Ìwọ kọ́, omi ni mo fi ọṣẹ sí.”

“Ọṣẹ́ ni mo wí, Màmá, kì í ṣe ọṣẹ! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń tọ́jú omi yìí!”

“Omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Abájọ!”

“Pírójẹ́ẹ̀tì mi ni! Mo tẹ́ ọ̀rá sójú ẹ̀ kí oòrùn má baà tètè fa omi gbẹ. Ọ̀gá mi ń bọ̀ wá wò ó báyìí!”

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wo inú báàfù títí.

“Ọ̀rá dà? Dúdú ni àbí funfun? Mi ò rí náílọ̀n kankan.”

“Ọ̀rá bíi ti ẹran ni. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ò lè rí i. Mo wọ́n páúdà lé e ká lè mọ ibi tó wà.”

“O ń fi páúdà kun ohun tójú ò rí, o ò fi kun ara ẹ!”

“Nígbà tí ọṣẹ kán sí i, kí lẹ rí?”

“Páúdà sá lọ sétí báàfù. Mo ní ọṣẹ yìí mà dáa o.”

Inú Abọ́lá dùn lójijì. Ó gbé ohùn tíṣà wọ̀.

“Bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ẹ wò ó, ọ̀rá kì í yòrò. Òkè omi ló ń gbé, bí onílé. Ọṣẹ ní tiẹ̀ ń yòrò, inú omi nísàlẹ̀ ló ń gbà wọlé, bí ayálégbé. Á rọra gòkè, á ki ara ẹ̀ bọ àárín ọ̀rá, á tì í mọ́ ògiri. Bí ọṣẹ bá wá pọ̀ jù, á kó ọ̀rá wọ inú omi lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́.”

Màmá nà ró. Ojú ẹ̀ ti yí padà.

“Onílé ni ayálégbé máa tì mọ́ ògiri?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá! Wọ́n ti dán an wò káàkiri ayé!”

“Káàkiri ayé! Ẹ ti ń ṣèpàdé ẹ̀!”

“Rárá o! Àpẹẹrẹ ni!”

“Ta ni Àpẹẹrẹ? Yàrá wo ló ń gbé?”

Ọ̀gá Abọ́lá kan géètì. Abọ́lá kọrí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti géètì pa.

“Ẹ máa padà lọ, sà. Ọmọ yín ti jẹ́wọ́.”