Wọ́n Ní Mo Ti Fẹ́ra Kù

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọkàn yẹn gan-an ló sì gbé mi dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé ara ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí àlàyé fojú mi rí.

Àyà mi ti ń lù kìkìkì látọjọ́ mélòó kan. Ooru á kàn ṣàdédé sọ lára mi bí ẹni tó jókòó ti ààrò, òógùn á bò mí. Mo ti kà á pé tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, tí họ́mónù sì wálẹ̀, ewu àrùn ọkàn máa ń pọ̀ sí i. Àrùn ọkàn ló sì pa ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbéra láti Ṣógúnlé, ó di ilé ìwòsàn kan lọ́nà Àgọ́ Palace. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Nọ́ọ̀sì tó jókòó síwájú ò gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀.

"Mọ̀mí, kí ló ń ṣe yín?"

"Àyà mi ń lù. Mi ò sì rí nǹkan oṣù mi mọ́."

"Há! Ẹ ti fẹ́ra kù nìyẹn! Ọlọ́run tóbi o!"

Kí n tó lanu, ó ti fà mí lọ́wọ́ lọ sáàárín àwọn aláboyún. Kò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Kò bi mí lọ́jọ́ orí. "Àyà" tí mo kọ́kọ́ sọ, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Obìnrin tó ń darí wọn ní kí gbogbo wa dìde, ká kọrin, ká pàtẹ́wọ́, ká jùdí kí ọmọ lè yí dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lóyún o."

"Mọ̀mí, ẹ má sẹ́ ọmọ tí Ọlọ́run fún yín. Ẹ jùdí!"

Mo jù ú. Èmi tí àyà mi ń sáré! Ibẹ̀ ni Ìyá Sùlíyà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń taṣọ ní Bọ́ládé, ti bá mi. Ọmọ ẹ̀ tó lóyún ló sìn wá.

"Alihamudulilai! Ìyàwó wa, o ò tiẹ̀ sọ fún wa!"

Kó tó parí ẹ̀, ó ti ń pe ọkọ mi.

Òòyì kọ́ mi, mo di ògiri mú. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń ṣe aboyún tó bá ti dàgbà nìyẹn. Ó gbé ike kékeré lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ tọ̀ sí i. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó kéde fún gbogbo yàrá: "Kò sóyún níbẹ̀ o. Mọ̀mí, ẹ má sunkún."

"Ẹ óò gbọ́mọ pọ̀n!" ni àwọn obìnrin yẹn fi ohùn kan gbà á.

Ta ló ń kọ àdúrà? Mo ṣe àmín. Àmín yẹn ló wá bí mi nínú.

"Àyà! Àyà ni mo bá wá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú sórí bẹ́ǹṣì aláboyún ni?"

Ariwo yẹn ló mú dókítà jáde. Ó wọn ìfúnpá mi, ojú ẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jó? Ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an, mà. Họ́mónù tó ń bá yín tọ́jú iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dínkù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà sì lè máa gòkè. Ẹ dùbúlẹ̀ ká yẹ ọkàn yín wò."

Wọ́n ṣì ń lẹ wáyà mọ́ mi láyà nígbà tí ọkọ mi fẹ̀rín wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ó jókòó, ó di ọwọ́ mi mú. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọpẹ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò tíì ba ọkàn mi jẹ́. Mò ń lo oògùn, mo ti dín iyọ̀ kù, mo sì ti gbọ́n: bí mo bá dé ilé ìwòsàn, àyà nìkan ni mò ń sọ, mi ò sì ní kúrò lójú kan títí wọ́n á fi wọn ìfúnpá mi. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà, ẹ máa gbọ́rọ̀ tán. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ò rí nǹkan oṣù ló ń retí ọmọ.

Ìyá Sùlíyà nìkan ni ò gbà. Ó ń sọ kiri Bọ́ládé pé oyún yẹn ò lọ síbì kankan, ẹ̀yìn mi ló sá pamọ́ sí. Mo fẹ́ bá a jà lọ́jọ́ tí mo gbọ́, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Dókítà náà kúkú ti ní kí n yéé bínú.